Orí Kẹjọ: Kí Ni Kọ̀ǹpútà Tó Lọ́ra Ń Dúró Dè?

Ní ọdún 2021, àǹtí kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò wa gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá bá mi. Tòkúnbọ̀ ni, Ìkẹjà ló ti rà á ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, n ó gbé omi kaná, n ó wẹ̀, n ó múra tán, kò ní tíì dìde. Wọ́n ní ó ti darúgbó, pé kí n tà á fún àwọn tó ń ra àjákù."

Mo tan kọ̀ǹpútà náà, mo sì fi fóònù mi ka ìṣẹ́jú. Láti ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì títí mo fi lè ṣí lẹ́tà kan kí n sì kọ orúkọ mi sínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 9 ló lọ. Nígbà tó ṣì ń japoró, mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Ojú ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ Task Manager ṣí. Mo ní kí àǹtí sún mọ́ mi kí àwa méjèèjì jọ kà á. CPU: 9%. Memory: 88%. Disk: 100%.

Mo sọ fún un pé, "Ẹ wo CPU yìí. Òun ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà yín. Nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó ní, mẹ́sàn-án péré ló ń lò. Ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ó jókòó ni, ó ń retí."

Ìdí tí mo fi fi ìtàn yìí ṣíwájú ni pé bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé tó lọ́ra ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe pé agbára wọn tán. Wọ́n ń dúró de nǹkan ni, ẹni tí kò bá sì mọ nǹkan náà, yóò máa náwó síbi tí kò sí àrùn. Nítorí náà, ohun tí a ó kọ́kọ́ kọ́ ni bí a ṣe ń mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń dúró dè. Àtúnṣe kò le lẹ́yìn ìyẹn.

8.1 Télọ̀, tábìlì àti yàrá ẹ̀yìn

Fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ni CPU, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gé, òun náà ló ń rán. Tábìlì iwájú rẹ̀ ni RAM, èyí tí Task Manager pè ní Memory: aṣọ tó ń rán lọ́wọ́, àlùmọ́gàjí, òwú àti tépù, orí rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Yàrá ẹ̀yìn, níbi tí aṣọ àwọn oníbàárà kún dé àjà, ni hard disk. Bí iná bá lọ, ohun tó wà lórí tábìlì RAM a pòórá, ti yàrá ẹ̀yìn kì í sì í pòórá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ọn fún ọ pé kí o máa tẹ Save.

Báyìí, wo bí yàrá ẹ̀yìn náà ṣe jìnnà tó. Láti mú nǹkan lórí RAM, kọ̀ǹpútà ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Láti mú un nínú hard disk, ó ń lo nǹkan bí ìdá 15 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Lójú ènìyàn, ìṣẹ́jú-àáyá kò pé nínú èyíkéyìí, nítorí náà jẹ́ kí a fà á gùn. Ká ní télọ̀ ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 1 láti na ọwọ́ mú àlùmọ́gàjí lórí tábìlì. Bí àlùmọ́gàjí bá wà ní yàrá ẹ̀yìn, ìṣẹ́jú-àáyá 150,000 ni yóò fi lọ mú un wá. Ìyẹn ju wákàtí 41 lọ. Télọ̀ tó mọṣẹ́ jù lọ ní ìlú kò lè yára bí gbogbo òwú tó nílò bá ń gba ọjọ́ méjì kí ó tó dé.

Kí ló fa irú ìdúró bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ tó ń yí ni hard disk. Àwo pẹlẹbẹ kan, tàbí méjì, wà nínú rẹ̀ tó ń yí lọ́pọ̀ ìgbà kí a tó ṣẹ́jú. Apá tín-ín-rín kan sì ń lọ síwá-sẹ́yìn lórí rẹ̀ láti ka ohun tí a kọ síbẹ̀. Ìlànà náà ti pẹ́: ní ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde. Àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, ó tóbi ju fìríìjì lọ, lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ló sì lè gbà. Orin kan ṣoṣo tó wà lórí fóònù rẹ máa kún un. Láti ìgbà náà, hard disk ti kéré, ó ti gba nǹkan púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwo tó ń yí àti apá tó ń lọ síwá-sẹ́yìn kò tíì kúrò níbẹ̀.

Jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Àwo inú kọ̀ǹpútà àǹtí ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyípo kan ń gba nǹkan bí ìdá 11 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí apá bá dé ibi tó yẹ, ó máa ń dúró fún ìlàjì ìyípo, ní ìpíndọ́gba, kí ohun tó ń wá tó yí dé abẹ́ rẹ̀. Ro àkókò tí apá fi rìn mọ́ ọn, ó di nǹkan bí 15. Èyí túmọ̀ sí pé, bí fáìlì wẹ́wẹ́ bá fọ́n káàkiri, hard disk náà kò lè mú ju nǹkan bí 65 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí Windows àti àwọn ètò tó ń bá a dìde bá béèrè nǹkan wẹ́wẹ́ 10,000, ìṣẹ́jú-àáyá 150 ti lọ lórí rírìn nìkan.

Irú disk mìíràn tó ń jẹ́ SSD kò ní àwo, kò sì ní apá. Inú èérún ẹ̀rọ ló ń kó nǹkan pamọ́ sí, bíi ti flash tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà ṣùgbọ́n tó yára jù ú lọ fíìfíì. Nǹkan bí ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú-àáyá ló fi ń mú ohun tí a bá béèrè. Nǹkan 10,000 yẹn, ìṣẹ́jú-àáyá 1 ni. Ní ti télọ̀ wa, wákàtí 41 ti di ìṣẹ́jú 17.

Ó ku ohun kan tí ó so tábìlì mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Bí tábìlì bá kún ńkọ́? Ní ọdún 1962, ní Yunifásítì Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n parí kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Atlas tó ní ọgbọ́n tuntun: bí orí tábìlì bá kún, ó máa ń ká ohun tí a kò lò lọ́wọ́, ó ń dá a padà sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì ń lọ gbé e wá bí a bá tún béèrè rẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Ọgbọ́n gidi ni, torí òun ni kì í jẹ́ kí ètò kú mọ́ ọ lọ́wọ́ nígbà tí RAM bá tán. Ṣùgbọ́n bí tábìlì bá kéré jù, télọ̀ yóò di ẹni tó ń gbé aṣọ lọ, tó ń gbé aṣọ bọ̀, láì rán ohun kan. Bí o bá rí i tí Memory ń lọ sí 90% tí Disk sì wà ní 100%, àrùn kan náà ló ń fi ojú méjì hàn.

8.2 Kíka ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ

Ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń lọ́ra gan-an ni kí o ṣí Task Manager, kì í ṣe ìgbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Tẹ orí ọ̀rọ̀ náà CPU, àwọn ètò tó ń jẹ ẹ́ jù yóò gòkè wá. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún Memory, kí o ṣe é fún Disk pẹ̀lú. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Bí CPU bá ga, wo orúkọ ètò tó ń lò ó. Ó lè jẹ́ pé Windows ń gba update tàbí pé ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì ń yẹ ilé wò. Ìwọ̀nyí máa ń parí. Ṣùgbọ́n bí o kò bá ṣí ohunkóhun, tí ètò kan tí o kò mọ̀ sì ń lo ìdajì CPU látàárọ̀ dalẹ́, fura. Àwọn kan ń yọ́ ètò wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láti fi wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ara wọn. Láti Windows 8, tó jáde ní 2012, ni Defender tí Microsoft ń fi sínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́ ti ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì. Jẹ́ kó yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà náà wò. Má ṣe gbé ètò aṣọ́nà méjì sínú kọ̀ǹpútà kan. Fáìlì kan náà ni àwọn méjèèjì yóò máa yẹ̀ wò, ìwọ ni yóò sì máa dúró dè wọ́n.

Bí Memory bá ga, bráúsà ni kí o kọ́kọ́ wò. Láti ìgbà tí Chrome ti jáde ní 2008 ló ti ń ya ojú ewé tí a bá ṣí sọ́tọ̀ síra wọn, kí ọ̀kan má bàa kó bá èkejì. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kálukú ló ń gba àyè tirẹ̀ lórí tábìlì. Ẹni tó ṣí ojú ewé 30 lórí RAM 4 GB kò gbọ́dọ̀ bú kọ̀ǹpútà.

Bí Disk bá wà ní 100% tí CPU sì wà nílẹ̀, hard disk ni kọ̀ǹpútà ń dúró dè. Fi etí sí i pẹ̀lú. Bí o bá ń gbọ́ kà-kà-kà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, má ṣe ronú kan ìyára mọ́. Ó ṣeé ṣe kí hard disk náà máa kú lọ. Da àwọn fọ́tò àti ìwé rẹ kọ sí ibòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà mìíràn, iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wà nílẹ̀, ìlọ́ra yóò sì wà níbẹ̀. Ṣí ẹ̀rọ ìṣirò, ṣí lẹ́tà kan tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ṣí kíákíá tó jẹ́ pé ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń fà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Kò sí RAM tó lè wo ìyẹn sàn.

8.3 Ohun tí kò gba kọ́bọ̀

Restart ni àkọ́kọ́, mo sì mọ̀ pé ìwọ yóò sọ pé o máa ń pa kọ̀ǹpútà rẹ lálaalẹ́. Láti Windows 8, Shut down kì í pa gbogbo rẹ̀ tán mọ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà: apá kan Windows ni wọ́n ń ká pamọ́ sínú disk kó lè tètè dìde lọ́jọ́ kejì. Ètò tó ti dàrú lánàá yóò jí pẹ̀lú ìdàrú rẹ̀. Restart ló ń pa gbogbo rẹ̀ tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nínú Task Manager, tẹ Performance, kí o tẹ CPU, kí o wá wo ibi tí wọ́n kọ Up time sí. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pa lálaalẹ́ tí ibẹ̀ sì ń sọ pé ọjọ́ 47 ló ti wà lójúfò.

Lẹ́yìn náà, lọ síbi tí wọ́n kọ Startup sí nínú Task Manager kan náà. Àwọn ètò tó ń bá kọ̀ǹpútà dìde láìjẹ́ pé o pè wọ́n ló wà níbẹ̀. Lórí ti àǹtí, 14 ni mo kà. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó ti tà ní ọdún méjì sẹ́yìn. Òmíràn jẹ́ ti ìpàdé orí fídíò tí ó lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà kònílé-ó-gbélé. A tẹ Disable fún 11. Disable kò pa ètò rẹ́. Ohun tó ń sọ fún un ni pé kó dúró títí a ó fi pè é. Má fọwọ́ kan ti Defender, má sì fọwọ́ kan ti ohùn tàbí ti ibi tí a ń fi ìka rìn lórí rẹ̀ nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù. Ìṣẹ́jú 9 di 6 láìná kọ́bọ̀.

Ní ti pípa fáìlì rẹ́, èrò tí kò tọ̀nà pọ̀ níbẹ̀. Disk tí ìlàjì rẹ̀ ṣófo kò ní yára sí i nítorí pé o pa fọ́tò ìgbéyàwó rẹ́. Ìgbà tí disk bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán ni ó ń di wàhálà, nítorí Windows ń wá àyè tí yóò máa ká nǹkan sí. Lọ sí Settings, kí o lọ sí System, kí o tẹ Storage. Temporary files ni kí o kọ́kọ́ kó dànù. Ka orúkọ ohun tó o fẹ́ pa rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí Downloads lè wà lára wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ìwé-ẹ̀rí wọn sí.

Ètò tó bá yọ sí ọ lójú lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní òun rí àṣìṣe 1,300 nínú kọ̀ǹpútà rẹ, pé kí o sanwó kí òun fọ̀ ọ́, má gbà á láyè. Èyí tó ní òun ń fọ registry, ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí, ńkọ́? Microsoft fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun kò fara mọ́ lílo irú wọn.

Títo hard disk, tí wọ́n ń pè ní defragment, wúlò fún ohun tó ń yí: bí ègé fáìlì kan bá fọ́n sí ibi mẹ́wàá, apá ní láti rìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. SSD kò ní apá, nítorí náà má ṣe defragment rẹ̀. Ńṣe ni yóò kàn jẹ ọjọ́ ayé rẹ̀. Windows ti mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó sì ń ṣe ìtọ́jú tó bá kálukú mu fúnra rẹ̀.

8.4 Ooru, eruku àti iná

Bí CPU bá gbóná jù, ó máa ń dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Fún ọ̀pọ̀ CPU Intel inú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ààlà rẹ̀ wà ní nǹkan bí 100°C. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa dì bí aṣọ sí ẹnu fáànù inú kọ̀ǹpútà, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ohun tí o máa rí ni kọ̀ǹpútà tó yára láàárọ̀ tí ó wá ń wọ́ lọ́sàn-án, tí fáànù rẹ̀ ń pariwo. Má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, torí ihò tó fi ń mí wà nísàlẹ̀. Bí o bá fẹ́ fẹ́ eruku rẹ̀ jáde, pa á, yọ okùn iná rẹ̀, kí o sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ di abẹ fáànù mú kó má bàa yí sódì nígbà tí atẹ́gùn bá kọlù ú.

Ṣájà náà lè jẹ̀bi. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tó jẹ́ pé bí wọn kò bá dá ṣájà mọ̀, tàbí tí agbára rẹ̀ kò tó, wọn yóò kọ̀ láti sáré. Nínú Performance, wo Speed: bí CPU tó yẹ kó wà ní 2.4 GHz bá dúró sí 0.8 GHz nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ níwájú rẹ̀, yá ṣájà tó jẹ́ ojúlówó kí o fi dán an wò. Bákan náà, kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ iná ilé nìkan ló ń gbé e ró, lè tètè bàjẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ ni disk lè kú lójijì láàárín ìkọ̀wé.

8.5 Bí owó bá gbọ́dọ̀ jáde

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé, "Ṣé RAM ni kí n rà ni, àbí SSD?" Task Manager ti dá wọn lóhùn. Bí Disk bá ń wà ní 100% lórí hard disk, SSD ni. Bí ó bá ti ní SSD tí Memory sì ń ga ju 85% lọ lójoojúmọ́, RAM ni. Kọ̀ǹpútà àǹtí nílò méjèèjì, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó ra méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó fi SSD ṣíwájú. Ìdí mi ni pé bí tábìlì bá tilẹ̀ kún, lílọ sí yàrá ẹ̀yìn kò ní gba ọjọ́ méjì mọ́.

A kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kọ sórí disk àfikún. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo yọ bátìrì, mo tú ìdí rẹ̀. Hard disk náà tó àtẹ́lẹwọ́, SSD tuntun sì bá àyè rẹ̀ mu régí nítorí pé irú ojú ìsopọ̀ kan náà, tó ń jẹ́ SATA, ni àwọn méjèèjì ní. Kò sí ètò kankan tí mo dà láti inú ògbólógbòó sínú tuntun. Windows tuntun ni mo fi sí i, mo wá dá àwọn ìwé rẹ̀ nìkan padà. Nígbà tí a tàn án, mo gbé fóònù lé àǹtí lọ́wọ́ pé kó ka àkókò fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 43. Ó pa á, ó tún tàn án, torí kò gbà pé òótọ́ ni. Lóṣù kejì ló ra RAM 4 GB kún 4 GB tó wà níbẹ̀.

Kí o tó ra RAM, mọ irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ: DDR3 kò lè wọ ojú ihò DDR4. Àwọn kọ̀ǹpútà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì wà tí wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó inú wọn, tí kò ṣeé pààrọ̀. Má sì ra disk olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 16 TB sí lára. Wọ́n máa ń tan kọ̀ǹpútà jẹ pé wọ́n tóbi, bí ìwọ̀nba àyè tí wọ́n ní bá sì kún, wọn a máa kọ fáìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí.

Ní October 14, 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 ń béèrè RAM 4 GB, àyè 64 GB àti ohun ààbò tó ń jẹ́ TPM 2.0, kò sì gba ọ̀pọ̀ CPU tó jáde ṣáájú 2017. Kọ̀ǹpútà irú ti àǹtí kò wọ inú òfin yẹn. Kì í ṣe pé ó di àjákù: Linux Mint, ní ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ Xfce, ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí RAM 4 GB, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń gba update ààbò. Èmi yóò kọ́kọ́ dán an wò láti orí flash, láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú disk, kí n mọ̀ bóyá Wi-Fi, ohùn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń bá a ṣiṣẹ́.

Ìdánrawò

1. Kọ̀ǹpútà kan fi CPU 7%, Memory 41% àti Disk 100% hàn. Ẹnì kan gba ẹni tó ni ín nímọ̀ràn pé kó ra RAM. Kọ lẹ́tà kúkúrú sí i láti ṣàlàyé ohun tí ìwọ yóò ṣe dípò rẹ̀ àti ìdí rẹ̀.

2. Hard disk kan ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣe ìṣirò bí ìlàjì ìyípo rẹ̀ ṣe pẹ́ tó, kí o sì fi wé ti 5,400 tó wà ní 8.1.

3. Lo kọ̀ǹpútà ilé yín, tàbí ti ẹni tó bá gbà ọ́ láyè. Ka àkókò láti ìgbà tí o tẹ bọ́tìnnì títí o fi lè kọ orúkọ rẹ sínú lẹ́tà. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o mú ìpíndọ́gba. Tẹ Restart, kí o tún kà á. Dín àwọn ètò Startup kù, kí o tún kà á. Ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì kọ iye tó o rí àti déètì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.